Ẹ̀rọ Tí Fadá Fún Mi Lọ́fẹ̀ẹ́

Gbégamey, Kùtọnu
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán

Àṣàbí mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ó dáa. Ṣé ara le? Ṣé atẹ́gùn òkun Ekpè ò tíì ká páànù yín lọ? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? A wà níbí, a ń dúpẹ́. Orúnkún mi ń dùn mí bí òjò bá ṣú, ìyẹn náà kì í ṣe ìròyìn mọ́.

Mo jẹ ọ́ ní àlàyé kan. Lánàá, bí a ṣe jókòó ti oúnjẹ tí o ń fi ẹ̀rín sọ ìròyìn iṣẹ́ tuntun rẹ, mo dìde, mo fi àwo mi sílẹ̀, mo jáde. O tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìnkùlé, o ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe?" Mo ní o ò ṣe nǹkan kan, pé inú ló ń run mí. Inú kò run mí. Ọ̀rọ̀ tí o sọ ló lé mi dìde.

O ní àtẹlíè yín, ilé iṣẹ́ yín ní Akpakpa níbi tí ẹ ti ń ṣe irin ẹsẹ̀ fún àwọn ọmọ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú, ń dàgbà kíákíá. O ní máṣín mẹ́rin ló wà ńlẹ̀, mẹ́ta mìíràn sì ń bọ̀. Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní kọ́ńtábù, oníṣirò owó wọn, ni dírẹ́tọ̀ ní kó ṣírò iye tí irin ẹsẹ̀ kan ń ná ilé iṣẹ́, kí wọ́n lè mọ iye tí wọn yóò máa tà á. O ṣírò awọ, o ṣírò irin, o ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, o sì fi gbígbó máṣín kún un, èyí tí ẹ̀yin alákọ̀wé ń pè ní amọtísímáǹ. Dírẹ́tọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kámáráàdì, àwọn ọ̀rẹ́ wa ní òkè òkun ló fi máṣín wọ̀nyí ta wá lọ́rẹ. A ò ná fránkì kan lé wọn lórí. Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀." O yọ ọ́. Iye náà wálẹ̀, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún ọ. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wàá fọwọ́ sí ìwé náà kó tó lọ bá ìgbìmọ̀.

Ọmọ mi, ìṣirò yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Èmi náà ṣe é rí, bí o ṣe ṣe é gẹ́lẹ́, kò sì sí ẹni tó pàṣẹ fún mi. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Mo kọ ọ́ nítorí pé ẹnu mi kò lè gbé e, àti nítorí pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀ báyìí, ìwọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tún Faransé mi ṣe. Ìwé kò ṣeé já lu. Mo mọ̀ pé kámáráàdì ni ẹ ń pe ara yín níbi iṣẹ́, pé ẹgbẹ́ ni gbogbo yín, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Nínú lẹ́tà yìí, bàbá ni mo ń jẹ́, ọmọ ni ìwọ, nítorí náà bọ́ bàtà rẹ kí o jókòó.

O mọ̀ pé bàtà ni mo kọ́kọ́ ń rán. Láti Kétu ni mo ti wá sí Kùtọnu pẹ̀lú àpò kan àti abẹ́rẹ́ méjì. Fadá arúgbó kan ní míṣọ̀n ló rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó ní iṣẹ́ mi mọ́, ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe irin ẹsẹ̀: irin méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, awọ tó dì mọ́ itan, awọ tó dì mọ́ orúnkún, bàtà gíga nísàlẹ̀. Ọmọ tó ń rákò ní àná á dìde lónìí. Àkọ́kọ́ tí mo ṣe tí ọmọ fi rìn, mo sá wọ ẹ̀yìn ilé lọ sunkún kí àwọn ènìyàn má baà rí mi.

Nígbà tó yá, Fadá darúgbó jù, wọ́n pè é padà sí ìlú rẹ̀. Kó tó lọ, ó fún mi ní máṣín rẹ̀ tó ń rán awọ. Ìwọ bá a nílé nígbà tó ti ń sunkún bí ewúrẹ́, o ò mọ ìgbà èwe rẹ̀. Dúdú ni, ó ń dán, apá rẹ̀ gùn débi pé ó lè wọ inú bàtà rán ìsàlẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Gbégamey níbí. Awọ mẹ́ta lórí ara wọn, á gún un bí ẹni gún ẹ̀kọ. Lọ́fẹ̀ẹ́ sì ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Fadá, mo wá jókòó ṣírò.

Mo ka awọ, mo ka irin, mo ka ìṣó àti òwú àti ìda, mo ka owó ṣọ́ọ̀bù, mo ka owó ọwọ́ mi. Mi ò ka máṣín. Kí ni kí n kà lára ohun tí mi ò rà? Bẹ́ẹ̀ ni irin ẹsẹ̀ mi fi rọ̀ jù lọ ní gbogbo Kùtọnu. Àwọn ènìyàn ń gbé ọmọ wá láti Àjàṣẹ́, wọ́n ń gbé e wá láti Uidà, wọ́n ń súre fún mi. Orí mi wú. Mo rò pé àwọn tó ń tà á wọ́n jù mí lọ, olójúkòkòrò ni wọ́n.

Ìyá rẹ nígbà náà ní ọlọ oníná tó fi ń lọ àgbàdo àti ata fún àdúgbò, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Agolo mílíìkì kan wà tó fi wáyà so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọlọ náà. Gbogbo ọpọ́n tó bá lọ̀, kó tó fi owó sí ìdí aṣọ rẹ̀, á kọ́kọ́ ju fránkì márùn-ún sínú agolo yẹn. Oúnjẹ ọlọ ló ń pè é. Ilé ìyá rẹ̀ ní Kétu ló ti kọ́ ọ. Níbẹ̀, ẹni tó bá wá lọ nǹkan lórí ọlọ onílé, ẹ̀kúnwọ́ kan ló ń fi sílẹ̀ fún arúgbó tó ń fi òkúta ṣá ojú ọlọ náà kó lè mú padà.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ìyá Àṣàbí, ọlọ rẹ ń jẹun ju ọkọ rẹ lọ o."

Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Ọlọ ń ṣiṣẹ́ ju ọkọ mi lọ."

Nígbà tí eyín ọlọ náà jẹ tán, òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà ló tú agolo, ó lọ ra òmíràn, ọ̀sán kò tíì pọ́n tó ti ń lọ ata. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Mi ò kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ọdún kan tí Kérésìmesì ń bọ̀, mo ní kó yá mi nínú owó agolo kí n fi ra awọ. Ó ní, "Owó yìí kì í ṣe tèmi, kí n tó yá ọ. Ti ọlọ ni." Mo bínú sí i fún ọjọ́ méjì. Ó ń ka ibi tí mo dé yìí, ó ní ọjọ́ mẹ́rin ni.

Iṣẹ́ wá pọ̀. Mo gba òṣìṣẹ́ méjì. Máṣín ń lọ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àfi ọjọ́ Àìkú nìkan. Mo ra alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì, mo kan páànù sí ilé bàbá mi ní Kétu, mo bọ́ ẹbí ní ìgbéyàwó àbúrò mi títí wọ́n fi ní kí n dáwọ́ dúró. Mo rò pé èrè ni mo ń jẹ. Máṣín ni mo ń jẹ, Àṣàbí. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀, pẹ̀lú páànù, pẹ̀lú mobilẹ́ẹ̀tì. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Èmi ru tèmi.

Kí n tó sọ bí mo ṣe rù ú, jẹ́ kí n kọ ìmọ̀ràn mi sílẹ̀ níbi tí ojú mi ṣì ti gbẹ.

Èkíní. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ "lọ́fẹ̀ẹ́" bò ọ́ lójú. Ohun tí a kò rà lọ́jọ́ tó wọlé, a ó rà á lọ́jọ́ tó bá kú. Fadá fún mi ní máṣín lẹ́ẹ̀kan, kò sí Fadá kejì. Àwọn ọ̀rẹ́ yín ní òkè òkun náà lè fún yín lónìí kí wọ́n má fún yín lọ́la. Ìfẹ́ kì í ṣe owó oṣù. Iye tí yóò ná yín láti ra irú rẹ̀ lọ́jà, òun ni kí o fi ṣírò.

Èkejì, èyí sì ni mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. O sọ lánàá pé dírẹ́tọ̀ ní bí ó bá dùn ọ́ tó bẹ́ẹ̀, kí o kúkú kọ amọtísímáǹ sí ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí ẹ kọ àga bíró àti fáànù àti ọkọ̀ rẹ̀ sí. Rárá o. Fáànù dírẹ́tọ̀ kò bá wọn rán awọ. Bí fáànù náà bá kú, dírẹ́tọ̀ á làágùn, irin ẹsẹ̀ á ṣì jáde. Máṣín tó ń rán awọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ọṣẹ alágbàfọ̀. Gbogbo aṣọ tó bá fọ̀ ló gbé díẹ̀ lára ọṣẹ náà lọ. Kò sí alágbàfọ̀ tó ní orí tí yóò ka omi kó má ka ọṣẹ. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ awọ àti irin ni kí o kọ ọ́ sí, nínú ohun tí irin ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ná yín, kí ẹni tó bá ka iye rẹ̀ lè mọ̀ pé máṣín wà nínú rẹ̀. Bí o bá tì í sí ìsàlẹ̀, wọ́n á máa fi iye èké dá owó títà, wọ́n á sì máa rò pé bí àwọn bá ṣe ń tà tó ni àwọn ń jèrè tó.

Wo bó ṣe kéré tó. Máṣín mi rán nǹkan bí ẹgbẹ̀ẹ́dógún irin ẹsẹ̀ kó tó kú. Òmíràn bí irú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fránkì. Pín in. Ọgọ́rùn-ún fránkì ni lórí irin ẹsẹ̀ kan. Owó ẹ̀kọ àti àkàrà òwúrọ̀ kan! Kò sí ìyá kan tí ì bá tìtorí ọgọ́rùn-ún fránkì gbé ọmọ rẹ̀ padà sílé. Èmi ni mi ò béèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn, mọ̀ pé bí àwọn máṣín mẹ́ta tuntun bá dé, iye yóò gòkè. Iṣẹ́ wọn kò tíì ní kún, àwọn òṣìṣẹ́ á ṣì máa kọ́ wọn, ṣùgbọ́n gbígbó wọn ti bẹ̀rẹ̀. Dírẹ́tọ̀ á pariwo pé ọ̀nà wo la fi ń dàgbà tí èrè ń sọ̀ kalẹ̀. Má bẹ̀rù, má sì fi ohunkóhun pamọ́. Fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé bí ilé iṣẹ́ tó ń dàgbà ṣe máa ń rí nìyẹn, pé bí iṣẹ́ bá ti kún ọwọ́ àwọn máṣín náà, iye á tún wálẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí pẹ̀lú: bí máṣín kan bá wà tó ń sùn látàárọ̀ dalẹ́, má ṣe di ẹrù oorun rẹ̀ lé irin ẹsẹ̀ ọmọ lórí. Kọ ọ́ lọ́tọ̀, kí ìgbìmọ̀ lè rí ẹni tó ń sùn.

Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tà á ní pọ́ọ́kú fún tálákà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n tà á. Kí wọ́n tà á ní ìdajì, kí wọ́n fún àwọn kan lọ́fẹ̀ẹ́. Iye tó ná wa yàtọ̀ sí iye tí a tà á. Ẹni tó fẹ́ ta ènìyàn lọ́rẹ, kó mọ bí ọrẹ náà ṣe tóbi tó, kó sì mọ ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá. Èmi ń ṣe ìtọrẹ fún ọdún mẹ́wàá, mi ò mọ̀. Nínú ẹran ara máṣín ni mo ti ń gé e.

Ẹ̀kẹta ni mo wà tàbí ẹ̀kẹrin, mi ò kà á mọ́. Ìyá rẹ ní kí n kọ èyí fún òun: ìwé kì í ra máṣín. O lè kọ amọtísímáǹ sílẹ̀ pẹ̀lú bírò aláwọ̀ mẹ́ta, bí kò bá sí agolo tí owó náà ń wọ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni. Bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Kí wọ́n má fi ra ọkọ̀, kí wọ́n má fi ṣe àjọ̀dún.

Ní ti dírẹ́tọ̀, má bá a jiyàn lójú àwọn ènìyàn. Ọkùnrin tí wọ́n bá já nírọ́ láwùjọ kì í gbọ́ òtítọ́ mọ́, mo mọ̀ nítorí pé ọkùnrin ni mí. Wọlé lọ bá a lóun nìkan, kí i dáadáa, gbé ìṣirò méjèèjì síwájú rẹ̀, kí o sì dákẹ́. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bó ṣe rí nìyẹn láti ayébáyé. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn yìn ín, èmi náà fẹ́ ẹ.

Ó dáa. Mo ti fi ìmọ̀ràn sá tó. Jẹ́ kí n sọ ìyókù.

Òwúrọ̀ kan ni ọ̀pá irin tó ń gbé abẹ́rẹ́ sókè-sódò dá sí méjì. Mo gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ, mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Wọ́n jó o pọ̀, ó dá. Wọ́n jó o lẹ́ẹ̀kejì, ó dá. Ẹnì kan tó mọ nǹkan wò ó fínnífínní, ó fi èdè Fọ̀n pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ní, "Fòfó, kì í ṣe ọ̀pá yìí nìkan. Gbogbo inú rẹ̀ ló ti jẹ. Ẹ ti lò ó tán." Òmíràn ni kí n rà. Mo lọ wo àpótí mi. Owó awọ oṣù kan ló wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ tú agolo ọlọ, ó kó gbogbo ẹ̀ fún mi nínú aṣọ. Ó ní, "Ọlọ yá ọ. Wàá san án." Kò tó ìdá mẹ́wàá. Mo ta mobilẹ́ẹ̀tì. Kò tó náà. Àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì lọ wá iṣẹ́ sí ibòmíràn, mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi kó owó máṣín mìíràn jọ. Ní gbogbo oṣù mẹ́rìnlá náà, abẹ́rẹ́ ńlá àwọn aránbàtà ni mo fi ń rán awọ lọ́wọ́. Irin ẹsẹ̀ kan ń gba ọjọ́ mẹ́rin, àtàǹpàkò mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń lo irin ẹsẹ̀ mi lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ìwọ náà mọ̀ pé irin ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan títí ayé. Ọmọ ń dàgbà, egungun ń gùn. Ní ọdọọdún, ó yẹ kí a ṣe òmíràn.

Mo kọ orúkọ wọn sára ògiri. Àwọn tí tiwọn ti já ni mo kọ sókè. Àwọn tí tiwọn kò bàjẹ́, tó kàn kéré sí wọn, mo kọ wọ́n sísàlẹ̀. Mo rò pé ohun tó kéré lè dúró. Àṣìṣe yẹn ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ náà, àfi ìyá rẹ.

Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Ràfátù. Ìyá rẹ̀ ti Ọ̀yọ́ wá, aṣọ òkìrìkà ló ń tà ní ọjà Missèbo. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ràfátù nígbà tí mo ṣe àkọ́kọ́ fún un. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dìde nínú rẹ̀, ó rin láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé ọ̀dọ̀ máṣín, ó fọwọ́ kan án, ó wò wá gbogbo, ó ní, "Mo dé." Ìyá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò gba ṣéńjì tí mo fún un.

Lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀, ọmọ náà ti ga. Orúnkún irin kò ṣe déédéé pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ mọ́, ó ń bó o. Ìyá rẹ̀ gbé e wá. Máṣín ti kú ní oṣù méjì. Mo ní kí wọ́n máa lò ó bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i, orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri. Ó tún gbé e wá ní oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà. Ọmọ náà kò lè wọ irin náà mọ́ rárá, ó ti padà sí rírákò. Mo ní, "Ìyá Ràfátù, ẹ ṣe sùúrù, ó kù díẹ̀." Obìnrin náà ní, "Bàbá, mo gbọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Kò bínú. Bí ó bá bínú ni, ì bá sàn fún mi.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá rẹ̀ dúró síta ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Ràfátù fúnra rẹ̀ ló rákò wọ ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nílẹ̀. Ó kí mi dáadáa, bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé nítorí pé mo dàgbà ni?"

Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi ní irin náà kò gbà mí mọ́ nítorí pé mo dàgbà. Ṣé tí mi ò bá jẹun púpọ̀, ṣé á gbà mí?"

Àṣàbí, mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn láyà láti ìgbà tí ìwọ fi wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé rò pé òun ló ṣẹ̀. Èmi sì wà níbẹ̀, àgbà, tí mo ti jẹ ọgọ́rùn-ún fránkì rẹ̀, mi ò lè sọ fún un pé èmi ni.

Nígbà tí máṣín mìíràn dé, irin ẹsẹ̀ Ràfátù ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mi ò gba owó. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti ká kò nínú oṣù wọ̀nyẹn, kò sì na mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n nà án títí, ọmọ náà ké títí, wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀. Irin tuntun náà wà lórí pẹpẹ mi fún ọdún mélòó kan. Kò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan.

O mọ Ràfátù. Òun ni aláṣọ tó máa ń jókòó lórí ẹní ní Missèbo, tó ń pè ọ́ ní "ọmọ Bàbá mi", tó máa ń fi ẹ̀wù kan lé e fún ọ. O bi mí lẹ́ẹ̀kan ìdí tí aláṣọ yẹn kì í fi í dìde kí oníbàárà rẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀.

Mi ò kọ gbogbo èyí kí o lè káàánú mi. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, èyí ni àkísà mi, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ọ kí o má baà lọ gbó irú rẹ̀. Bí o bá wọlé bá dírẹ́tọ̀, tí ó gbọ́, dúpẹ́. Bí kò bá gbọ́, tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, má fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ lé ọ lẹ́nu iṣẹ́, ilé wà, oúnjẹ wà, ojú kò ní tì wá. Èmi àti ìyá rẹ ti sọ ọ́, ohùn wa ṣọ̀kan.

Ìyá rẹ ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí o tó mú bírò, kọ́kọ́ lọ sí yàrá tí ẹ ti ń wọn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Jókòó díẹ̀ kí o wò wọ́n. Bí ẹ bá lówó máṣín o, bí ẹ ò bá ní in o, gbogbo wọn ni yóò ti dàgbà kí ọdún tó yí po.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dáníẹ́lì